Abọ́ Ìrẹsì Abẹ́ Kúbùsù

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, Bang Tae-gyu, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú èbúté Haesanpo, já sínú òkun níbi ìdènà ìgbì. Wọn ò rí òkú rẹ̀.

Ó lọ fi ìwọ̀ pẹja ni. Òwúrọ̀ ni, yìnyín sì ti bo àwọn òkúta kọnkéré ńláńlá tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ láti máa fọ́ ìgbì. Ẹni tó bá já sí àárín àwọn òkúta yẹn, òkun ló ni ín. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ àti ike ìdẹ nìkan ni wọ́n bá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wá a títí, àwọn òmùwẹ̀ wọn ń wọlé, wọ́n ń jáde, nígbà tó yá wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ máa lọ sílé, kó lọ ṣètò ìsìnkú.

"Kí ni kí n sin?" ni bàbá rẹ̀ bi wọ́n.

Bang Gil-seop ni orúkọ bàbá náà. Òun ló ń tọ́jú koríko pápá Haesanpo láti ìgbà tí Tae-gyu ṣì ń rá tẹ̀ lé e kiri orí pápá. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀, Ok-rye, ti bu ìrẹsì gbígbóná sínú abọ́ irin Tae-gyu, ó ti fi ọmọrí dé e, ó sì ti gbé e sábẹ́ kúbùsù níbi tí iná abẹ́lẹ̀ ti máa ń mú ilẹ̀ yàrá gbóná jù. Bí ìyá ṣe máa ń ṣe nìyẹn fún ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun tàbí tó rìnrìn àjò, kí oúnjẹ rẹ̀ má baà tutù, kí òun náà sì mọ̀ pé wọ́n ń retí òun. Alààyè ni wọ́n ń gbé e pamọ́ fún. Ní ti òkú, tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ fún un, wọ́n á sì gún ṣíbí sínú ìrẹsì rẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ọmọ tó bá gún ṣíbí bẹ́ẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun, ìgbátí ni yóò fi mọ̀ pé òun ṣe ohun tí a kì í ṣe.

"Ẹ má ní kí n gún ṣíbí sínú ìrẹsì ọmọ mi o," ni Ok-rye sọ.

"Ta ló ní kí o gún un?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láràárọ̀ ni Ok-rye ń da ìrẹsì àná nù, tó ń bu tuntun.

Líìgì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ sórí tábìlì láàárín pápá láti fi tọrọ oríire gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́dọọdún, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ń foríbalẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ki owó bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ń da ọtí sílẹ̀. Gil-seop dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó di rọ́bà omi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá foríbalẹ̀ fún wa," ni Ma, akọ́nimọ̀ọ́gbá, pè é. "Ẹlẹ́dẹ̀ ọdún tó kọjá lejú koko, ẹ sì rí ibi tá a parí sí. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni mo ní kí wọ́n rà. Ẹ wò ó dáadáa, kò jọ alága wa?"

"Ọtí tí ẹ dà síbẹ̀ yẹn máa pa koríko," ni Gil-seop wí, ó sì ṣí omi sí i.

Aṣọ́lé tí wọ́n fi rọ́pò Tae-gyu ni Tak Hyeon-do. Ọmọ òkè ni, láti ìlú tí wọ́n ti ń gbin kábéèjì lórí òkè gíga, tí kò sí òkun nítòsí. Kò pẹ́ tó parí iṣẹ́ ológun, irun rẹ̀ ò tíì hù tán. Kò mọ omi wẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń kí Gil-seop tọkàntọkàn, ó sì máa ń bá a ká rọ́bà omi jọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ bọ́ọ̀lù ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n na Haesanpo. Èkejì, wọ́n tún nà wọ́n. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, àwọn alátìlẹ́yìn tó wà lẹ́yìn àwọ̀n tó ń ṣọ́ gan-an ló ń bú u.

"Ajere ni wọ́n gbé sójú ilé fún wa o!"

"Hyeon-do, ṣé o fẹ́ kí n bá ẹ pe bọ́ọ̀lù yẹn, kí ẹ lè jọ mọra?"

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹ̀kẹta náà, Gil-seop bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó ń sunkún sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Ebi ò pa mí, Bàbá."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ebi ń pa ẹ́. Dìde."

Ẹ̀yìn pápá ni ilé Gil-seop wà. Nígbà tí wọ́n dé, ìrẹsì alẹ́ ṣì wà lórí iná. Ok-rye wo ọmọ náà, ó wo èjìká rẹ̀ tó tóbi àti orí rẹ̀ tó tẹ̀ ba, ó lọ síbi kúbùsù, ó sì fa abọ́ irin náà jáde.

"Má fún un níyẹn," ni Gil-seop sọ.

"Ó ti gbóná. Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ fẹ́ kó máa wo ìkòkò?"

Hyeon-do jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó parí, ó da ojú abọ́ dé, ó gbé e lé orí ọmọrí rẹ̀, ó sì fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yẹn àfi Tae-gyu. Láti kékeré ló ti ń ṣe é, ìyá rẹ̀ sì ti bá a wí títí tó fi sú u. Ok-rye bo ẹnu. Gil-seop wo ọwọ́ ọmọ náà lórí abọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Kí ni, Bàbá?" Hyeon-do wo abọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀. "Ẹ má bínú."

Àwọn aṣọ́lé máa ń fi gìgísẹ̀ fa ilà sórí koríko níwájú àwọ̀n wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí àárín wà láìbojú wẹ̀yìn. Àárín gan-an ni gbogbo aṣọ́lé ń fa tiwọn sí. Tae-gyu nìkan ni tirẹ̀ máa ń yà sí òsì, tó sì máa ń wọ́, nítorí pé àárín igi méjì ẹ̀yìnkùlé wọn ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn igi náà ò sì dọ́gba. Ọdún mélòó ni Gil-seop fi ń bá a jà lórí ilà yẹn! Lẹ́yìn gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló ń fi iyẹ̀pẹ̀ àti irúgbìn dí i.

Ní òwúrọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gil-seop ṣí ẹnu ọ̀nà pápá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìrì wà lórí koríko, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ilà náà wà níwájú àwọ̀n. Ó yà sí òsì, ó wọ́. Koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó sì pọ́n bí ohun tí iná jó. Gil-seop bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ibẹ̀, ó sì tọ́ ọ wò.

Iyọ̀ ni.

Iyẹ̀pẹ̀ àti irúgbìn wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó gbé garawa náà, ó sì padà sẹ́yìn láìdí ilà náà.

Lọ́jọ́ yẹn, Hyeon-do dúró sórí ilà òsì yẹn, bọ́ọ̀lù kankan kò sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń fò síbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbẹ́sẹ̀. Haesanpo gòkè kúrò nísàlẹ̀ tábìlì líìgì, àwọn tó ń pè é ní ajere sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ọjọ́ kejì gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ Ok-rye. Abọ́ abẹ́ kúbùsù ló ń béèrè. Ok-rye bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń fún ọmọ yìí jẹ?" ni Ma béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún atamátàsé mi. Ọmọ yẹn, tó bá dúró sétí òkun, kò lè gbá bọ́ọ̀lù sínú omi."

 Garawa tó dojú dé ni Gil-seop ń jókòó lé lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó bá sì dijú díẹ̀, kì í ṣe Hyeon-do ló ń rí níwájú àwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí kò fi dí ilà náà. Ó mọ̀ pé ohun tí kò dára ni. Ó tún jókòó lọ́sẹ̀ kejì, ó sì tún dijú díẹ̀.

Nígbà tí òjò ìgbà ooru parí, ó rí i pé ìbọ̀wọ́ Hyeon-do kì í gbẹ, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Lẹ́yìn náà ló rí i pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ tuntun, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ìdènà ìgbì.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀? O ò mọ omi wẹ̀."

"Mo lọ pẹja ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Gbogbo apẹja èbúté yẹn ló máa ń sọ ọ́, bí wọ́n bá ti mu ọtí díẹ̀, pé ẹni tí omi gbé kò lè kúrò nínú omi àfi tó bá rí ẹni tí yóò dúró sí ipò rẹ̀. Gil-seop ti máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba ọ̀pá ìwọ̀ náà lọ́wọ́ Hyeon-do, ó gbé e sórí àjà. Àmọ́ kò sọ fún Ok-rye pé kó má bu ìrẹsì mọ́.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn bọ́ sí ìparí oṣù kọkànlá. Bí Haesanpo bá pàdánù, wọ́n á já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ìyá Hyeon-do gbéra láti orí òkè wá wò ó, ó di kimchi, ìyẹn kábéèjì oníyọ̀ àti ata, sínú aṣọ pupa, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà jáde. Obìnrin kúkúrú ni, ariwo rẹ̀ pọ̀.

"Hyeon-do! Ó ti sanra, ẹ wò ó! Ta ló ń bọ́ ẹ?"

Ọmọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba díẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ ti dé! Wọ́n kọrin fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́." Ó nawọ́ láti fa etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Hyeon-do ti kọjá lọ. Gil-seop ló kù níbẹ̀, obìnrin náà sì yíjú sí i.

"Bàbá, kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?"

Gil-seop yíjú kúrò, ó sì gba apá kejì pápá lọ.

Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ń parí lọ, wọ́n fún ẹgbẹ́ kejì ní pẹnáritì. Hyeon-do fò sí òsì, ó sì mú bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà. Fèrè dún. Haesanpo kò já mọ́. Gbogbo pápá ń kígbe "Hyeon-do! Hyeon-do!" àmọ́ ọmọ náà dúró lórí ilà rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Gil-seop wà ní apá kejì pápá, lórí garawa rẹ̀. Ó la ẹnu díẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè gbọ́ lọ.

"Tae-gyu."

Ọmọ náà yíjú. Ó wò ó tààrà láàárín gbogbo ariwo yẹn, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa dé yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí i tó ń rìn lọ sí èbúté pẹ̀lú aṣọ bọ́ọ̀lù lọ́rùn. Ma àti ìyá ọmọ náà sáré gba ibẹ̀. Gil-seop bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ló dúró, ó sì yà sílé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ok-rye jókòó ti kúbùsù.

"Gbé abọ́ yẹn fún mi."

"Ó ń bọ̀ wá jẹun."

"Ìyá Tae-gyu, gbé e fún mi."

"Ẹ̀yin náà rí i! Ẹ má sọ pé ẹ ò rí i. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń lọ jókòó wò ó!"

"Mo rí i," ni Gil-seop wí. "Ìyá ẹnì kan ń sáré lọ sí ìdènà ìgbì báyìí, bí ìwọ ṣe sáré lọ lọ́jọ́ yẹn."

 Ok-rye fúnra rẹ̀ ló ká kúbùsù kúrò. Ó gbé abọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé e ka orí tábìlì kékeré tí ọkọ rẹ̀ ti tẹ́. Gil-seop ṣí ilẹ̀kùn tó dojú kọ òkun. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń rùn bí ewé òkun.

"Tae-gyu," ni ó sọ. "O ti kú. Èmi bàbá rẹ ni mo sọ ọ́. Jẹ oúnjẹ rẹ, kí o sì máa lọ. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Ó gún ṣíbí náà sínú ìrẹsì. Ó dúró ṣánṣán. Èéfín ìrẹsì náà tẹ̀ sí apá ilẹ̀kùn, ó sì dá lójijì. Ok-rye fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ó ti tutù bí òkúta.

Bàbá kì í foríbalẹ̀ fún ọmọ. Gil-seop kúnlẹ̀, ó sì foríbalẹ̀.

Ma ló wá ròyìn fún un lẹ́yìn náà. Wọ́n bá ọmọ náà lórí òkúta ìsàlẹ̀ pátápátá, omi ti dé orúnkún rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kàn yíjú lójijì, ó ní, "Ìyá, kí ni mò ń ṣe níbí? Òtútù ń mú mi." Ìyá rẹ̀ gbá a létí, lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú un gun ọkọ̀ padà sórí òkè. Ọmọ náà kò rántí bí líìgì ṣe parí. Ó béèrè lọ́wọ́ Ma bóyá wọ́n ti já.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Gil-seop gbé garawa lọ síwájú àwọ̀n, ó dí ilà náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò tún yọ mọ́.

Àwọn ohun tó kù nílé ni ọ̀pá ìwọ̀ méjì lórí àjà. Ike ìdẹ kan. Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé kan tó ṣì tutù. Kimchi tí wọ́n di sínú aṣọ pupa, tí ẹni tó ni ín gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà pápá. Igi méjì lẹ́yìnkùlé, tí wọn ò dọ́gba. Kúbùsù kan tí ojú ibi tí abọ́ máa ń wà ti pọ́n. Ṣíbí kan. Àti abọ́ irin kan, tí Ok-rye bá lórí tábìlì nígbà tílẹ̀ mọ́, tí kò sí hóró ìrẹsì kan nínú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ dé lé orí ọmọrí.