Ọwọ́ Tó Ń Gbé Búrẹ́dì

Kẹ̀kẹ́ kan já wọ pápá bọ́ọ̀lù alágbọ̀n lójijì, àtẹ búrẹ́dì tó gùn bí ilẹ̀kùn wà lórí ẹni tó ń gùn ún, àwọn àgbà mẹ́ta sì sá gun àga. Ṣenúdà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ga débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá a ní imú tó bá ń wa kẹ̀kẹ́.

"Ẹ máà bínú, Ọ̀gá! Oníbàárà kan ní òpópónà kẹta ló ní búrẹ́dì tí mo gbé wá ò wú!"

"Èmi ni mo wú!" ni Kóòṣì Wágdì fi dá a lóhùn. "Wò mí dáadáa. Ẹ̀dọ̀ mi, ọkàn mi, gbogbo rẹ̀ ló ti wú! Gbé nǹkan yẹn kalẹ̀!"

Ẹ má dá a lẹ́bi. Òní lọjọ́ pé. Sarwát Báṣà, alága ẹgbẹ́, ti jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó ń pa ẹ̀gúsí yíyan lẹ́nu, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bí adìẹ tó ń wá nǹkan.

"Lẹ́ẹ̀mẹwàá," ni Báṣà wí. "Ọmọ yìí á kojú Zaghlúl lábẹ́ agbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí bọ́ọ̀lù márùn-ún bá wọlé, ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ àgbà. Bí kò bá pé márùn-ún, Wágdì, kó máa bá búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Mi ò lè máa bọ́ òpó iná."

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Wágdì ti fi ń kọ́ Ṣenúdà ní iṣẹ́ àwọn agùntáṣọọ́lò tó ń ṣeré lábẹ́ agbọ̀n: bí wọ́n ṣe ń kẹ̀yìn sí agbọ̀n, bí wọ́n ṣe ń fi ìdí wá ibi tí alátakò dúró sí, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró kí èkejì yí ká. Gbogbo ìyẹn ni ọmọ náà gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àní ó ń kọrin. Àmọ́ tó bá ku húùkù, ìyẹn kó na ọwọ́ kan ṣoṣo sókè kó sì fi bọ́ọ̀lù ya òṣùmàrè kọjá lórí alátakò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á dà bí ọwọ́ àlejò tó ń wá iyọ̀ nínú ilé ìdáná onílé.

Zaghlúl, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ àgbà, ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún tí ọrùn rẹ̀ tó ìtí igi, dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ọmọ búrẹ́dì," ó ní, "ẹ̀wà tí a máa fi jẹ ẹ́ dà?"

Àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù gbá irin. Ìkejì, Zaghlúl fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ìkẹta ò kan nǹkan kan. Ìkẹrin lọ kí Báṣà lábẹ́ agboòrùn, ó sì tú ẹ̀gúsí rẹ̀ ká.

"Ó di mẹ́rin," ni Báṣà wí, ó ń gbọn aṣọ. "Wágdì, àbí agbọ̀n náà ló ń sá fún un ni?"

Ìgbà náà ni àwọn ẹyẹlé dé.

Àwọn tí wọ́n ń sìn lórí òrùlé ẹ̀yìn pápá ni. Wọ́n rí búrẹ́dì tí kò lólùṣọ́, wọ́n sì rọ́ wálẹ̀ bí ẹni tí a pè síbi àsè. Ṣenúdà kígbe. Ó fo àga kan kọjá, ó gbé àtẹ lérí, ó yíjú padà, Zaghlúl ló rí! Òun náà ti ń sáré bọ̀ wá lé ẹyẹ, kò sì mọ bó ṣe máa dúró mọ́. Ọmọ náà ò sá. Ó fi ìgúnpá ọ̀tún ti òkè ńlá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan dúró, èkejì yí ká, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì nà tààrà sókè lábẹ́ àtẹ, gbọn-in. Búrẹ́dì kan ṣoṣo ò jábọ́.

Fèrè bọ́ lẹ́nu Wágdì.

"Ṣenúdà. Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Òsì ni, Ọ̀gá."

"Ìgbà wo lo ti ń fi gbé e?"

"Láti kékeré. Ọ̀tún ni mo fi ń darí kẹ̀kẹ́. Òsì yìí náà ni mo sì fi ń ju búrẹ́dì Màmá Fawsíyà, oníbàárà mi kan, sókè. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, okùn agbọ̀n tó ń sọ̀ wálẹ̀ kúrú, kì í dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ṣé ó máa ń wọlé?"

"Tí ò bá wọlé, Màmá náà á bú ìyá mi."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi òsì gba bọ́ọ̀lù, ẹ gbá ọwọ́ náà."

Òótọ́ ni. Ó gbá a. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Lójú Wágdì, a kì í fi júwe agbọ̀n náà. Ta ló ń fi òsì jẹun ní Ṣúbrà, àdúgbò wọn? Ìyá àgbà Wágdì náà ti fi àkísà so òsì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún mú ṣíbí. Ó tó àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti wá sí i lọ́kàn kẹ́yìn.

Ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Gbàgbé bọ́ọ̀lù. Zaghlúl ni bọ́ọ̀sì tó ń fún ọ mọ́ ògiri. Agbọ̀n yẹn, ti Màmá Fawsíyà ni. Ebi sì ń pa á."

Ìkarùn-ún: ìgúnpá, ẹsẹ̀, òṣùmàrè. Ó wọlé.

"Oríire lásán," ni Zaghlúl wí.

Ìkẹfà wọlé. Ìkeje yí lórí irin, ó yí, ó yí, ó rò ó dáadáa, ó sì bọ́ síta. Báṣà rẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tí wọ́n lè tún pàdánù mọ́. Ìkẹjọ wọlé, ìkẹsàn-án wọlé, ẹni tó wà lẹ́nu géètì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá wòran.

Ó ku ẹyọ kan. "Mo ti mọ̀ ọ́ báyìí," ni Zaghlúl sọ sí i létí. "Òsì lo máa fi jù ú."

Òsì gòkè lóòótọ́. Zaghlúl fo, tẹran teegun. Nígbà tó fi máa balẹ̀, Ṣenúdà ò sí níbẹ̀ mọ́: ó ti yí sí apá kejì, ọ̀tún, ọwọ́ àlejò yẹn gan-an, sì gbé bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀.

Báṣà gbé ẹ̀gúsí mì pẹ̀lú èèpo. "Ta ló kọ́ ọ níyẹn?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Wágdì. Àyà rẹ̀ wú díẹ̀, ó sì tún rọ̀.

"Màmá Fawsíyà ni," ó ní.

Ṣenúdà ò dúró gba oríyìn. Búrẹ́dì ń tutù. Ó gbé àtẹ lérí, ó fi ọ̀tún mú kẹ̀kẹ́, ó sì já gba géètì láàárín bọ́ọ̀sì méjì, òsì rẹ̀ lókè.

Wágdì wò ó títí tí kò fi rí i mọ́. Wọ́n gbé tíì wá fún un, ó na ọ̀tún, ó fà á sẹ́yìn. Ó fi òsì mú ife náà. Ife náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tíì gbígbóná dà sí i ní ṣòkòtò.

Kò pààrọ̀ ọwọ́.