Ẹni Tó Pa Fèrèsé Dúdú Náà Dé

"Bàbá Àràmídé, ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí láàárọ̀?"

Kọ́lájọ ni Balqees ń bi léèrè. Ó wo ẹnu Balqees, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ló máa ń jókòó ní ọ́fíìsì pákó yìí, létí èbúté Òde Ugbò, láti máa kọ orúkọ èrò sílẹ̀, kó sì máa fún àwọn awakọ̀ ní ìwé pé kí wọ́n ṣí. Ta ni ìbá tún fọwọ́ kàn án?

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Ẹnjinníà?"

Ọmọ Ìbàdàn ni Balqees. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ mú un wá kó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa kìlọ̀ ìjì, lẹ́yìn tí òkun gbé ọkọ̀ kan mì. Ó nàka sí apá òsì ojú ẹ̀rọ náà. Pupa ló wà níbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ẹja: ìjì yóò jà lójú òkun láti aago mẹ́sàn-án. Ó nàka sí apá ọ̀tún, níbi tí Kọ́lájọ ti ń kọ orúkọ èrò. Àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀: ọkọ̀ lè máa lọ.

"Èyí mọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Èyí kò gbọ́. Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín? Èdè tí wọ́n fi kọ ètò méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí Ìlàjẹ àti Haúsá ni. Wọn ò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ àfi kí ògbufọ̀ dúró láàárín, kó máa jíṣẹ́ ti ọ̀hún fún ti ìhín. Ògbufọ̀ yẹn ni fèrèsé dúdú kékeré tí ọ̀rọ̀ máa ń sáré nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Kọ́lájọ rántí ohun tó ṣe.

Láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bátìrì kọ̀ǹpútà sì ń lọ sílẹ̀. Bí epo bá ń tán lọ lójú omi, ẹrù tí kò wúlò lará omi ń jù nù, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ dé ilé. Ohun tí Kọ́lájọ mọ̀ nìyẹn, ohun tó sì ṣe nìyẹn. Ohun mẹ́ta ló ṣí lójú ẹ̀rọ. Méjì ní àwọ̀, wọ́n ní àwòrán. Ìkẹta dúdú kirimú, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà, òun oníwèé mẹ́fà kò sì lè ka ẹyọ kan níbẹ̀. Ó ní ẹrù lásán ni. Ó pa á dé.

"Ọkọ̀ wo ló ti lọ?"

"Ti Gbọ́láhàn. Araromi ló ń lọ. Èrò mọ́kànlá." Ó wo orúkọ wọn lójú ẹ̀rọ. "Aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà yẹn."

Wọ́n pe fóònù Gbọ́láhàn. Kò lọ. Wọ́n tún un pè. Kò lọ. Níta, afẹ́fẹ́ ti ń gbá páànù òrùlé, omi sì ń lu òpó ilé gbì, gbì.

Oòrùn ti dé àtàrí kí wọ́n tó gbúròó. Àwọn apẹja ìlú Zion Pepe ló rí wọn. Ọkọ̀ dojú dé. Wọ́n yọ Gbọ́láhàn àti èrò mẹ́sàn-án. Wọn ò tíì rí Moríkẹ́ tó ń ta búrẹ́dì, àti Ṣìkẹ́mi àbúrò rẹ̀. Kọ́lájọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ méjèèjì láàárọ̀ yẹn.

Olówòkéré, alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orókún. Àwọn awakọ̀ rọ́ tẹ̀lé e.

"Ẹ̀rọ ọ̀hún rèé! Ẹni tí kò mọ omi ju ti inú garawa lọ ló wá ń fi òkun han àwa!" ni Olówòkéré wí.

"Ẹ má bínú, Alága," ni Balqees wí. "Ó ní láti jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo ṣe ló kú fúnra rẹ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò látàárọ̀, n ò rí ibi tí mo ti ṣì í."

"Lọ wá a dé Ìbàdàn. Di ẹrù rẹ. Láti ọ̀la, ojú la ó máa fi wo òkun, bí àwọn bàbá wa."

Awakọ̀ kan kùn lẹ́yìn pé, "Ṣebí ojú náà la fi wò ó tí ọkọ̀ ìjọ́sí fi rì."

"Panu ẹ mọ́!"

Olówòkéré wá gbé ọwọ́ lé èjìká Kọ́lájọ. "Kọ́lájọ, pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n fi ẹ̀rọ tàn ọ́ jẹ ni."

Kọ́lájọ wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀ràn náà ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ìgbì tó fo orí ọkọ̀ tí kò wọ inú rẹ̀. Kó sáà dákẹ́ ni. Ilé ìyá Moríkẹ́ kò ju ilé mẹ́ta lọ sí tirẹ̀, orí afárá pákó kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Bó bá sọ ọ́, báwo ni yóò ṣe máa kọjá níbẹ̀? Bí kò bá sì sọ ọ́, wọn óò yọ ẹ̀rọ náà, ọkọ̀ mẹ́fà ni yóò sì ṣí lọ́la, láìsí ẹni tí yóò sọ pé ìjì ń bọ̀.

Balqees ti ń ká wáyà.

"Kò kú fúnra rẹ̀," ni Kọ́lájọ wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó gbóhùn sókè, ó tún un sọ.

"Kò kú fúnra rẹ̀, Alága. Èmi ni mo pa á dé. Bátìrì ló ń tán, mo sì rò pé ẹrù lásán ni. Iṣẹ́ ọmọ yìí dára. Ẹ má yọ ẹ̀rọ náà."

Olówòkéré rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Balqees dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Láti orí afárá ni ohùn ìyá Moríkẹ́ ti wọlé: "Wọ́n ní ọkọ̀ ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dé nínú àwọn ọmọ mi?"

Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Kọ́lájọ dìde. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó jáde lọ bá a.