Òkúta Inú Ọgbà Ọsàn

“Ìyàwó, kó o,” ni Alága wí. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ìlà òkúta tó dábùú ọgbà ọsàn náà. “Kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Lónìí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò pààlà.” Orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà wà, ẹrẹ̀ ti gba orúnkún rẹ̀. “Omi ni mo ń dá dúró. Ẹ wo ìdí igi yìí, gbòǹgbò ti yọ síta.”

“Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààlà nílé bàbá mi?”

Àwọn ará ilé tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Alága kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o. Àga iwájú ló máa ń jókòó lé níbikíbi tó bá dé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin náà tó ti di olóògbé ni, ilẹ̀ ẹbí sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Òfin ilé náà ò ṣòroó sọ: ẹbí ló ni ilẹ̀, ẹni tó gbin igi ló ni igi. Opó lè máa jẹ èso igi ọkọ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí igi náà bá ṣì dúró. Èyí tó bá wó, ojú ibẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ẹbí, kò sì gbọdọ̀ gbin òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó bá sì to òkúta sórí ilẹ̀ láìpe ẹbí, ààlà ló pa yẹn. Àbí ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe dì í tọwọ́tẹsẹ̀?

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ilẹ̀ ọgbà náà le koko, èèyàn ò lè rí èkòló kan níbẹ̀. Òun ló ń ru ìgbẹ́ adìyẹ wá, tó ń gé koríko tẹ́ sídìí igi, tó ń jẹ́ kó jẹrà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ tí èkòló rọ́ jáde, ó fa ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbẹ̀. Ojú ìyá náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó fìka kan èkòló, ó ní, “Ìwọ àti kòkòrò, ẹ kúkú mọwọ́ ara yín.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni oko Alága wà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀gbàrá á kó ìgbẹ́, ewé àti ilẹ̀ dúdú lọ bá Alága nísàlẹ̀. Ọsàn tirẹ̀ ń sanra lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin olùkọ́ àgbẹ̀ kan tó ń lọ káàkiri oko ló wá sọ fún opó náà pé kó to òkúta dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà: erùpẹ̀ á dúró, omi á yọ́ kọjá. Ó tò ó, erùpẹ̀ sì dúró. Ọsàn Alága ò sanra mọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

“Ìyá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, tó dúró láàárín àwọn ará ilé. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn; òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. “Ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe níbí.”

Ìyá dorí kodò. “Ohun tí Alága bá ti sọ náà ni.”

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ti ń retí ti Alága, kò retí ti ìyá rárá. Ó hú òkúta náà níkọ̀ọ̀kan, ó kó wọn jọ sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ará ilé sì dúró tì í kó má baà fi ọ̀kan sílẹ̀.

“Ìyá, kí ló dé?” ó bi í nígbà tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

“Ọmọ mi, òun nìkan lọmọkùnrin tó kù fún mi. Tí mo bá ta kò ó, ta ló máa sin mí?”

“Èmi tí mò ń fọ ẹsẹ̀ yín yìí ńkọ́?”

Ìyá na ẹsẹ̀ kejì sí i. Inú bí obìnrin náà débi pé ó fẹ́ da omi náà nù kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ibo ló ń lọ? Ó nu ẹsẹ̀ ìyá gbẹ.

Òjò ọdún yẹn ò ṣàánú. Lẹ́yìn èyí tó bá rọ̀, Alága á wá, á ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó,” á sì fi ọ̀pá sàmì sí ojú igi tó wó. Obìnrin náà fi okùn so èyí tó kù mọ́lẹ̀. Okùn ò já. Ilẹ̀ ni kò sí nídìí igi mọ́, gbogbo wọn sì wó tán.

Alága gbin ọsàn tuntun síbẹ̀. Nígbà tí òjò tún dé, ó wá kan ilẹ̀kùn opó náà.

“Ìyàwó, òkúta ìjọ́sí yẹn, wá bá wa tò ó. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n tò. Yàrá tí ìwọ àti Ìyá ń gbé, ẹnikẹ́ni ò ní lé ẹ kúrò níbẹ̀, tó o bá ṣáà ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ààlà mọ́ ni?”

“Ṣé èèyàn ń pààlà fún ara ẹ̀ ni?”

Ó lọ. Omi ti dí ọ̀pọ̀ ihò tí òkúta ti wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó rí ọ̀kan lábẹ́ koríko. Ó gbé òkúta sí i, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ìyá gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó nàgà.

“Ṣé wọ́n ti dá igi ẹ padà fún ẹ ni?”

“Rárá, Ìyá,” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé òkúta mìíràn.