Ìró Tí Fóònù Gbé Mì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo mọ̀ pé mo ti ba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Títí di ọjọ́ Ẹtì, n kò rí ẹnu sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, etí ló sì fi ń ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó máa wá àrùn kiri. Òun á ní kí oníbàárà jókòó, kó máa rán àkísà kan, á wá kẹ́yìn sí i, á tẹ́tí. Kí ìlà kan tó pé lórí àkísà náà, á ti dárúkọ ibi tó ń dùn ún. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Elétí-Ehoro. Orúkọ náà ti wá di ẹ̀gún báyìí. Etí òsì rẹ̀ ti dí pátápátá láti ọdún tó kọjá, dókítà sì sọ pé ọ̀tún náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó lè tó oṣù méjì," ni dókítà wí. "Ó sì lè má tó o."

Èmi ni mo dábàá pé kí a ká àwọn ìró ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Lẹ́tà ni mo ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ kan. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ fóònù lò. Mo ṣàlàyé fún Bọ̀ọ̀dá pé ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní pọ́díkáàsì, ohùn nìkan ni: o máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù, o máa gbé e sórí intánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù á á ṣí i níbikíbi tó bá wà, á sì gbọ́.

"Kí ló dé tí kì í ṣe fídíò?" ni Bọ̀ọ̀dá bi mí. "Gbogbo ayé ló ń ṣe fídíò."

"Ojú ò lè rí inú irin, Bọ̀ọ̀dá. Tí wọ́n bá ń wo ọwọ́ yín, wọn ò ní gbọ́ maṣíìnì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, o gbọ́n ju ilé ìwé tó o lọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àrùn méjìlá ló yàn, a sì ṣe ètò méjìlá. Bí ẹ̀rọ oníbàárà kan bá dé pẹ̀lú àrùn tí a ń wá, kò ní fọwọ́ kàn án títí màá fi ti ibi iṣẹ́ dé. Màá gbé fóònù sórí tábìlì, òun á sọ ẹni tó jẹ́, á sọ irú ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, á wá ní, "Ẹ gbọ́ ọ?" Á fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, "Ẹ gbọ́ ọ yẹn? Ilé bọ́bììnì tí òwú ìsàlẹ̀ ń gbé ló ń mì. Ìdè rẹ̀ ti tú."

Nínú áàpù tí mo fi ń ká ohùn náà, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó ń yọ ariwo kúrò. Ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá wà. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, ẹni tó ń jó irin sì wà ní òdìkejì. Mo ti kà á níbì kan pé ohùn tó bá ní ariwo nínú, àwọn èèyàn kì í gbọ́ ọ dé ìdajì. Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Mo tún dán an wò o. Mo gbọ́ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú ètò àkọ́kọ́, ohùn Bọ̀ọ̀dá mọ́ lóló bí omi inú ìgò. Orí mi wú. N kò gbọ́ ìyókù. Mo ṣáà jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ní àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ka ohun tí àwọn olùgbọ́ kọ sábẹ́ ètò náà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. A ti gbọ́ 'ẹ gbọ́ ọ'. Kí la fẹ́ gbọ́?"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹni tó ní ká wá jẹun, tó wá ń ṣí ìkòkò òfìfo hàn wá."

Ẹnì kẹta kọ ọ́ pé àwọn ti sọ ọ́ di eré níbi iṣẹ́ àwọn: bí nǹkan bá ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, gbogbo ilé á pariwo pé, "Ẹ gbọ́ ọ?"

Mo gbé íápíìsì sétí. Ohùn Bọ̀ọ̀dá jáde, "Ẹ gbọ́ ọ?" Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó parọ́rọ́ bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, "Ẹ gbọ́ ọ yẹn?"

Fóònù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn. Ohunkóhun tí kì í bá ti ṣe ohùn èèyàn, ariwo ni lójú tirẹ̀. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ méjèèjìlá. Bákan náà ni gbogbo wọn. Mo wá ọ̀nà tí mo lè fi gba àwọn ìró náà padà, n kò rí. Ohun tí fóònù gbé mì, kì í pọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ní àrùn náà sì ti gba ìwòsàn, wọ́n ti bá olówó wọn lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, ìdí mi kò lélẹ̀. Mo sọ àtẹ̀gùn ilé di ibi ìrìn, mo gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́rú, mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo bá Bọ̀ọ̀dá tó ń fọ́nnu fún aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ.

"Àwọn tí n ò mọ̀ rí ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Bọ̀ọ̀dá ń wí.

"Elétí-Ehoro, ẹ ti di gbajúmọ̀. Tó bá yá, ìwé la ó máa kọ ká tó rí yín."

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé wọ́n ń dáhùn?"

"Wọ́n ń dáhùn, Bọ̀ọ̀dá."

N kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo mú ìgbálẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe Bọ̀ọ̀dá láti ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn. Èyí ló dùn mí jù. Nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi ń wá dúró dè mí lẹ́nu géètì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Bàtà kan péré ni mo ní. Ìṣó ti yọ ní gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, mo fi páálí ká a nínú kó má baà gún mi. Nínú òkùnkùn, láàárín gbogbo ẹsẹ̀ tó ń jáde, ó máa ń dá ìró ìṣó yẹn mọ̀, á ní, "Akọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ." Ẹni tó gbọ́ ìṣó bàtà mi kò gbọ́ orúkọ tí mo fi ẹnu pè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé fóònù wá. "N ò lè gbọ́ ọ dáadáa mọ́," ó ní. "Jẹ́ kí n kúkú wò ó."

Áàpù náà máa ń fi ìlà kan hàn bí ohùn bá ń lọ. Bí ohùn bá ròkè, ìlà á ga. Bí kò bá sí ohùn, á sùn. Mo ṣí ètò kẹta fún un. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà lórí gíláàsì.

"Ohùn mi lèyí tó ń fò yìí?"

"Òun ni."

"Ìgbà tí mo dákẹ́ ló sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìka rẹ̀ dúró. "Ṣùgbọ́n níbí, mo ń tẹ maṣíìnì. Mo ti sọ pé 'ẹ gbọ́ ọ', ẹsẹ̀ mi sì wà lórí rẹ̀. Kí ló dé tí ìlà yìí nà gbọọrọ bí òkú ejò?"

Mo nawọ́ sí ìgbálẹ̀.

"Akọ̀wé. Ṣé kò gbọ́ ọ ni?"

Mo sọ fún un. Ẹni tí etí rẹ̀ ń lọ, a kì í sọ ọ̀rọ̀ ìtìjú fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Igbe ni mo fi sọ ọ́ sí etí ọ̀tún rẹ̀, láti orí bọ́tìnnì dé orí ìkòkò òfìfo. Aránṣọ gbọ́. Ẹni tó ń jó irin ní òdìkejì pa iná rẹ̀, òun náà gbọ́.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni Bọ̀ọ̀dá bi mí.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó wò mí. "Etí mi ń lọ lójoojúmọ́, o wá ń gbálẹ̀ fún mi."

Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí aránṣọ. "Ọ̀rẹ́ mi, maṣíìnì rẹ dà?"

"Tèmi? Kò ṣe nǹkan kan!"

"Ìyẹn gan-an la fẹ́. A fẹ́ bà á jẹ́."

"Ẹ gbà mí o! Elétí-Ehoro, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń tún un ṣe, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́?"

"Ẹni tó mọ àtúnṣe ló mọ bíbàjẹ́ jù. Gbé e wá."

Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó gbé e wá. Mo pa bọ́tìnnì náà. Lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ìlà sì fò sókè. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

"Fi í sílẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀bá títì náà ló máa jókòó sí."

A ò jókòó jẹun lọ́jọ́ náà. Á tú ìdè kan, á tẹ̀ ẹ́, á sọ̀rọ̀, á dì í padà, á tú òmíràn. Mo ń ti orí ìdúró wo ìlà. Bẹ́líìtì tó ti dẹ̀ ń lu irin, gbọ̀ngbọ̀n, Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ọ. Ilé bọ́bììnì ń mì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó tẹ orí, ó gbọ́ ọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mọ́kànlá ti wọlé.

Èkejìlá ni ti abẹ́rẹ́. Bí ìdè tó di abẹ́rẹ́ mú bá dẹ̀, ẹnu abẹ́rẹ́ á máa ha pẹlẹbẹ irin tó wà nísàlẹ̀. Ìró rẹ̀ tín-ín-rín bí èékánná lára ife. Bí èèyàn kò bá tètè gbọ́ ọ, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́, ó sì lè fò sójú ẹni tó ń ránṣọ. Bọ̀ọ̀dá dẹ ìdè náà díẹ̀, ó tẹ ẹ̀rọ. Kín, kín, kín.

"Kò tíì dé," ó ní, ó sì tún dẹ̀ ẹ́ sí i.

Aránṣọ wò mí. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin dákẹ́. Mo di ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti dé."

Ó fi etí ọ̀tún lélẹ̀ lórí pákó tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́. "Ó ń dún báyìí?"

"Ó ń dún."

Ó gbójú sókè sí fóònù. Eyín kéékèèké ń tò lórí ìlà náà, wọ́n dọ́gba bí ti òòyà. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ló súnmọ́ fóònù.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ó ní. "Èyí, èmi ò gbọ́ ọ mọ́. Àbúrò mi ló gbọ́ ọ. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa fojú rí i o, abẹ́rẹ́ á ti ṣẹ́."

Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dáa. Ta ló wá máa tún tèmi ṣe? Aṣọ aláṣọ wà nílẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá di ẹnu súkúdiráfà mú, ó na èèkù rẹ̀ sí mi. "Akọ̀wé ni."

"Bọ̀ọ̀dá, èmi—"

"Ọdún mẹ́fà lo fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí kó o tó lọ síléèwé. Ṣé etí rẹ ò sí níbẹ̀ ni?"

Ó kẹ́yìn sí mi, bó ṣe máa ń kẹ́yìn sí àwọn oníbàárà. Mo jókòó. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó tí n kò fẹ́ dìde. Mo fún ìdè náà díẹ̀, mo tẹ ẹ̀rọ. Kín, kín. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀. Mo dúró kó kọjá tán. Mo tún fún un, mo tẹ ẹ̀rọ. Kín.

"Ó ti tán?" ni Bọ̀ọ̀dá bèèrè láìyíjú.

Fóònù ṣì ń ká a.

"Ó ku ẹyọ kan," ni mo wí, mo sì tún tẹ ẹ̀rọ.