Atíòro Inú Arère

Igi arère náà ti ṣubú kí Mojíre tó sáré dé ibẹ̀. Lára ìtì rẹ̀ ni ihò kan wà tí wọ́n fi amọ̀ dí, tó ku ojú tóóró kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka ya amọ̀ náà. Atíòro kan ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹyẹ yìí ti ń ṣe nìyẹn: abo á dí ara rẹ̀ mọ́ inú igi láti pamọ, akọ á sì máa gbé oúnjẹ wá fún un. Ìyẹ́ rẹ̀ ti re, kò lè fò. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú.

"Mi ò mọ̀ pé nǹkan wà nínú ẹ̀, àǹtí," ni Àtàndá tó gé igi náà wí. Ó ti pa ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀.

"Mo fi ọ̀dà pupa sí i lára."

"Máníjà ní ká má wo ti ọ̀dà mọ́."

Mojíre tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ẹyẹ náà, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì kọ́ńpìnì pákó tó gbà á síṣẹ́, ní àdúgbò Mayfair nígboro. Inú ń bí i.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló kà ní yunifásítì. Nígbà tí kọ́ńpìnì yìí gbà á ní 1994, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sàmì sí igi tí wọn kò gbọdọ̀ gé. Òun ló lọ bá Bàbá Fáṣínà, olórí ẹbí tó ni igbó, ní Òkèrèwè. Bàbá kò fẹ́ kí wọ́n gégi níbẹ̀. Mojíre jókòó tì í, ó ṣàlàyé pé atíòro ló ń jẹ èso kiri, tó ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ káàkiri igbó; bí ẹyẹ bá tán, igi tuntun yóò ṣọ̀wọ́n, kọ́ńpìnì fúnra rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan gé. Nítorí náà, wọn kò ní fọwọ́ kan igi etí odò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní gé igi tí ẹyẹ ń pamọ sí.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?" ni Bàbá bi í.

"Èmi ni, sà."

Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá ṣe yọ̀ǹda igbó fún kọ́ńpìnì.

Lágúnjú, máníjà, ń mu tíì nígbà tí Mojíre gbé ẹyẹ náà lé tábìlì rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìlérí yín ni, sà."

Lágúnjú rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ kì í ra pákó, Mojíre. Ìlérí yẹn la fi wọ igbó. A sì ti wọ̀ ọ́ báyìí."

Ẹyẹ náà na ọrùn lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Lágúnjú fi ìwé ìròyìn bò ó, ó ní kí Mojíre lọ fọwọ́.

Ó rò pé òun yóò pariwo, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni ohùn rẹ̀ jáde. "Ẹnu mi lẹ lò, sà. Mo ń lọ gbà á padà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó rò ó lórí ọ̀kadà. Èyí ti balẹ̀, àfi kí òun lọ sọ bó ṣe fọ́ fún ẹni tí òun fi lé lọ́wọ́. Ní Òkèrèwè, ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀. Bàbá Fáṣínà kò jágbe mọ́ ọn. Ó gbé àgbàdo sísun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń gbà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Dìde."

Nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá, àwọn ìyàwó rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ ti gbé àpótí jókòó sójú ọ̀nà igbó. Ọkọ̀ agbégi dé, ó dúró. Àtàndá jáde láti inú igbó, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì wọ́n. Nígbà tí Lágúnjú dé, tó ń kí Bàbá, Bàbá nawọ́ sí Mojíre.

"Ẹnu ẹ̀ la ti gbọ́ ìlérí yín. Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ojú gbogbo wọn ni Lágúnjú ti gbà pé wọn kò ní gé igi ọlọ́dà mọ́, pé ẹ̀rọ kankan kò ní dún nínú igbó bí Mojíre kò bá sí níbẹ̀. Bàbá ní bí igi kan bá tún ṣubú, ẹbí yóò gba igbó wọn padà.

Lágúnjú ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, ó yíjú sí Mojíre. "Ṣé inú ẹ ti rọ̀ báyìí?"

Mojíre fẹ́ dáhùn bí a ti ń dá ọ̀gá lóhùn. Láti àárọ̀ ló ti ń bẹ̀rù ìbínú náà, tó ń retí kó kúrò lára òun. Àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń gbọn eruku aṣọ wọn. Ó wá yé e pé òun kò fẹ́ kí ìbínú náà rọ̀.

"Rárá, sà," ló wí, ó sì bá Bàbá gbé àpótí rẹ̀.