Bàbá Mi Lójú Irin Orí Tábìlì

Àdùkẹ́ ìyàwó mi, jókòó kí n rọ́ àlá yìí kí n tó gbàgbé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí mo fi ń ṣeré lórí tábìlì ló yadi. Mo kọ nọ́ńbà tuntun, èyí tí a fi ń pàṣẹ fún un, sínú ẹ̀rọ tó ń fún un lóhùn, àṣé mi ò kó àwọn ọkọ̀ yòókù kúrò lójú irin! Ni gbogbo wọn bá gba nọ́ńbà kan náà, tí àṣẹ kan ṣoṣo fi ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Dípò fèrè, ikọ́ bàbá mi olóògbé, awakọ̀ rélùwéè, ló ń jáde lára wọn. Bàbá fúnra wọn dúró lójú irin, wọn ò ju àtàǹpàkò lọ. Mo tẹ bọ́tìnì ìdúró, eré ni gbogbo ọkọ̀ sá lọ bá wọn. Mo pariwo. Bàbá wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Àwọn ọkọ̀ yìí ti pẹ́ jù." Ni mo bá ta jí.