Àtàǹpàkò Ìyá Aláró

Nínú gbogbo ohun tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ṣílè fàdákà kan péré ni Àdìjátù bẹ̀bẹ̀ fún. Aláró ni ìyá náà n'Ísẹ́yìn. Láràárọ̀, kí ó tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, á ṣe bísímílà, á fi àtàǹpàkò tẹ ṣílè náà, owó àkọ́kọ́ tí ó rí lórí aró. Nígbà tí yóò fi kú, ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ wọ inú fàdákà, ó dúdú minimini. Ìyá yìí ò ya fọ́tò rí. Ìlà yẹn nìkan ni Àdìjátù lè fọwọ́ kàn kí ó ní, "Ìyá mi rèé."

Adétòkunbọ̀, tíṣà kan ní Ṣakí tí ó máa ń ra owó àtijọ́ pamọ́, ti fẹ́ rà á. Àdìjátù kọ̀. Tíṣà ò bínú, ó kàn ní, "Mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ o."

Ta ni yóò sọ ìyẹn fún Muhydeen, àbúrò Àdìjátù, olójúkòkòrò? Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, tí gbogbo ilé ń fi eérú bó ìkòkò, ó jí ṣílè náà nínú àpótí, ó bu eérú lé e, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé kànrìnkàn tì í, ó bá wọ mọ́tò lọ Ṣakí láti tà á fún tíṣà. Tìbínú-tìbínú ló padà dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Mo fọ ọjà mọ́ fún un, ó ní mo ti bó o láwọ, òun ò rà á mọ́. Ta ló ń gbé ìdọ̀tí fún àlejò?"

Àdìjátù gba ṣílè náà. Ó ń dán gbinrin. Kò sí ìlà kankan lára rẹ̀ mọ́ àfi ibi tí eérú ti ha á.

"Ọwọ́ ìyá wa lo fọ̀ dànù yẹn."

Muhydeen dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè gan-an lo fọ́."

Iléyá kọjá, Muhydeen tún dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó tún ti yọ́ mú ṣílè náà nínú àpótí, ó ti sá a sí èéfín, ó ti fi aró pa á, ó sì ti tẹ àtàǹpàkò tirẹ̀ sójú ibi tí ti ìyá wọn wà.

"Ẹ wò ó, ó ti padà sípò. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni wá."

Inú Àdìjátù korò bí ewúro. Olè ì bá sàn ju èyí lọ, torí olè kì í jókòó sáyè òkú. Ó bu eérú, ó la ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣílè náà títí ó fi dán.